Kí Ló Kù Sí Wa Lọ́wọ́ Bí A Bá Pààrọ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Bí ayálégbé tuntun bá kó dé Máfolúkù tàbí Àjàó Estate, kò ní í pẹ́ kó tó bi aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, network ta ló dáa níbí?" Aládùúgbò á dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan. Ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á ní irọ́ ni, òmíràn ló dáa. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́fà, àwọn méjèèjì lè ti pààrọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, nítorí náà wọ́n máa ń bi èmi náà. Èsì tèmi gùn díẹ̀, torí inú ìtàn ló wà: kí ẹ tó béèrè ta ló dáa, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó máa kù sí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò tiẹ̀ sí ẹni tí a lè pààrọ̀. Ní 1886, ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company fi okùn abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, oníbàárà ò ní ẹni tó fẹ́ yàn. Ní 1985, ìjọba da ẹ̀ka tẹlifóònù tó wà lábẹ́ P&T pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, wọ́n sì pè é ní NITEL. Bí NITEL ò bá fún ẹ ní láìnì, o ò ní láìnì nìyẹn. Títí GSM fi dé ní 2001, láìnì tó wà ní gbogbo Nàìjíríà ò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Ìgbà cybercafé ló kọ́kọ́ jẹ́ kí púpọ̀ nínú wa mọ adùn kéèyàn yan ibi tó wù ú. Abọ́ sátẹ́láìtì ńlá á wà lórí òrùlé, kọ̀ǹpútà á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nísàlẹ̀, ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, tàbí kí ẹ sùn síbẹ̀ fún night browsing. Bí káfẹ́ yìí bá ń falẹ̀, ẹ ó dìde, ẹ ó sọdá títì lọ sí òmíràn. Kí lẹ pàdánù? Ìṣẹ́jú tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdírẹ́sì Yahoo yín kì í ṣe ti oníkáfẹ́, ó ń bá yín lọ síbi gbogbo. Ohun kan ṣoṣo tí a ò lè pààrọ̀ ni ọ̀nà. Nígbà náà, lẹ́tà tó ti Ìsọlọ̀ lọ sí Ìkẹjà lè kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wá. Torí irú èyí ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀ ní 2006, kí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè máa pàdé ara wọn nílé níbí.

Lẹ́yìn káfẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ yàrá wa gan-an. Ẹ rántí Starcomms, Multilinks àti Visafone. CDMA ni wọ́n ń lò. Púpọ̀ nínú fóònù àti modem wọn ò gba SIM ẹlòmíràn. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Starcomms lágbára débi pé ó wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní 2008. Nígbà tó yá, wọ́n da òun àti Multilinks pọ̀ sábẹ́ orúkọ tuntun kan, CAPCOM, ṣùgbọ́n wọn ò padà bọ̀ sípò mọ́. MTN ra Visafone, torí ó nílò ìpín afẹ́fẹ́ 800MHz tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. NITEL fúnra rẹ̀, wọ́n tà á fún NATCOM ní 2015, ó sì di ntel. Àwọn modem yẹn ńkọ́? Ẹ lọ wo inú dúrọ́ọ̀ àwọn bàbá yín, wọ́n lè ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ò bàjẹ́ o. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni ò sí mọ́.

Ẹ wá fi wé ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ bí Econet ní 2001. Ó di Vmobile ní 2004, ó di Celtel ní 2006, ó di Zain ní 2008, ó di Airtel ní 2010. Léraléra ló pa orúkọ dà, oníbàárà ò sì kúrò lójú kan, fóònù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ ò yí padà. Lójú tèmi, ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wà. Orúkọ ara ògiri kọ́ ló yẹ kó kó wa láyà sókè bí kò ṣe bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ wa lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹrin 2013, àjọ NCC ṣe ohun kan tó dáa: wọ́n gbà wá láàyè láti gbé nọ́ńbà fóònù wa kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Nọ́ńbà di ti oníbàárà. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ilé ò rí irú àǹfààní yẹn jẹ. Router tí wọ́n fún yín lè wà ní títì pa mọ́ ilé-iṣẹ́ tó tà á. Okùn fáíbà tó wọ ilé yín, ẹni tó gbẹ́ àdúgbò yín ló ni ín. Bí òmíràn ò bá gbẹ́ ibẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Báńkì ń tiro, iṣẹ́ dúró. Glo-1 àti Equiano ti Google ò sí nínú àwọn tó bàjẹ́. Ẹni tó gba fáíbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, tó tún gba MiFi lọ́wọ́ òmíràn, lè rò pé òun ní ọ̀nà méjì. Bí àwọn méjèèjì bá ń gba inú okùn kan náà, ọ̀nà kan ló ní, owó méjì ló ń san.

Starlink dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi wà lára àwọn tó tóbi jù láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe ti GSM. Ó sáré lóòótọ́, ojú ọ̀run ló sì ń gbà. Àmọ́ abọ́ Starlink, Starlink nìkan ló lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí modem Starcomms, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí yín.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ ra router tiyín tí kò ní títì, kí ẹ fi sẹ́yìn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Orúkọ WiFi àti password á wà bó ṣe wà, fóònù àti kọ̀ǹpútà gbogbo ará ilé ò ní í mọ̀ pé ẹ pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ má já ti àtijọ́ sílẹ̀ kí ti tuntun tó rí òjò ńlá kan àti òpin oṣù kan. Ẹ má fi àdírẹ́sì email tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bá fún yín ṣí àkáǹtì báńkì. Bí ẹ bá sì fẹ́ ní méjì, ẹ bi àwọn méjèèjì pé okùn abẹ́ òkun wo ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń jẹun látorí íntánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá kan ní Ìsọlọ̀ lónìí. Ilé-iṣẹ́ á máa wá, á máa lọ. A ti rí i láti orí NITEL. Kí wọ́n má ṣe máa kó oúnjẹ wa lọ mọ́ ẹrù wọn.