*KÍ LÓ Ń MÚ ÒGÌ KAN? Ìtàn Kòkòrò Tó Ń Ṣe Ìfun Lóore*

Ìtàn ni mo mú wá lónìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara wa ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn ìyá ńlá wa ti mọ ògì ṣe tipẹ́. Ọkà bàbà ti wà nílẹ̀ kí àgbàdo tó ti Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn 1492, méjèèjì la sì ń fi ṣe é títí dòní. A ó rẹ ọkà sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kó tòrò kó sì kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń kan. Ohun tó ń mú un kan ni ojú kò rí.

Àwọn òyìnbó náà kò tètè rí tiwọn. Ní 1905, Stamen Grigorov, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ará Bulgaria, rí kòkòrò tíntìntín kan nínú wàrà kíkan ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1907, Élie Metchnikoff ti Pasteur Institute ní Paris kọ ọ́ sínú ìwé pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè mú ẹ̀mí gùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa wádìí kòkòrò rere.

Ó kan ògì wa. Ní 1970, I. A. Akinrele ti iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì tẹ àbájáde tirẹ̀ jáde: kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum nígbà náà ló ṣe iṣẹ́ jù nínú àwọn tó ń mú ògì kan.

Kí ni èrè rẹ̀ fún wa? Èròjà irin wà nínú ọkà, òun sì ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n phytate tó wà nínú ọkà kan náà so irin mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kí ìfun rí i gbà. Bí ògì bá ṣe ń kan, bẹ́ẹ̀ ni phytate ń já, tí irin ń bọ́.

Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Denmark fún àwọn obìnrin ní oúnjẹ tí phytate kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ mímu kan tí ìran kòkòrò yìí wà láàyè nínú rẹ̀. Irin tí ara wọn gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìgbà tí wọ́n fi iná pa kòkòrò náà. Síbẹ̀, kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún irin tó wà nínú oúnjẹ náà.

Nítorí náà:

✅ Ẹ jẹ́ kí ògì kan dáadáa. Bí ẹ bá sè é, kòkòrò á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n phytate tó ti já kì í padà.

✅ Omi tó mọ́ àti ìkòkò tó mọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ má fún ọmọ ọwọ́ ní omidùn tútù.

✅ Ọmú nìkan ni fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ògì nìkan kò tó o! Asẹ́ ti gba ọ̀pọ̀ oore inú rẹ̀. Ẹ fi sóyà, ẹ̀wà tàbí ẹja lílọ̀ kún un.

✅ Aboyún, má torí ògì pa oògùn irin tí wọ́n fún ọ ní kíníìkì tì.

Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, pàápàá ẹni tó ní aboyún nílé. 🙏