Wíwá Olórin Tuntun Rí ní Ilẹ̀ Ọsirélíà

Ẹni tí ó bá gbéra ní Sydney, ìlú èbúté tí ó kọjú sí òkun ìlà-oòrùn, tí ó sì dorí kọ Perth ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, yóò rin ìrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 kìlómítà lórí ilẹ̀ Ọsirélíà kan náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà ni yóò sì jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí. Bí ilẹ̀ náà ti gbòòrò tó báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó jìnnà réré sí London àti New York, níbi tí a ti ń tẹ àwo orin tí gbogbo ayé ń jó sí. Ìdí sì nìyí tí àwọn òyìnbó tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ fi gbà lọ́kàn fún ọdún pípẹ́ pé ojúlówó orin, ọkọ̀ òkun níí gbé e wá, àti pé ọmọkùnrin tí ń ta gìtá ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò kò lè ju aláfarawé lọ. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ọdún 1942, wọ́n ní láti kọ ọ́ sínú òfin náà pé, nínú orin tí ilé-iṣẹ́ rédíò bá ń gbé sáfẹ́fẹ́, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ọjà tí a ní láti fi òfin tì lẹ́yìn kí ó tó rí ìwọ̀nba àyè bẹ́ẹ̀, a mọ̀ pé àwọn olùrà kò kà á sí. Báwo wá ni ilẹ̀ yìí kan náà ṣe di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ olórin adádúró, àti àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ń hù bí olú lọ́dọọdún tí ayé sì ń dúró gbọ́ wọn? Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ, ìdánilójú mi sì ni pé kì í ṣe oríire lásán: owó ìlú, agídí àwọn ọ̀dọ́, àti ìpinnu pé a ó máa wá olórin lọ sí ìlú rẹ̀ dípò kí a máa retí rẹ̀, àwọn ni ó ṣe é.

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà. Ní ọdún 1951, nígbà tí wọ́n ṣì ń wojú òkè òkun fún orin, ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan wà ní Sydney tí ó gba odidi yàrá, èyí tí a wá mọ̀ sí CSIRAC, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé. Àwọn tí ó kọ́ ọ ti fi gbohùngbohùn kékeré kan sí i lára, kí ó lè máa han láti fi tó òṣìṣẹ́ létí pé iṣẹ́ tí ó gbé fún un ti parí. Geoff Hill, onímọ̀ ìṣirò tí orin kò ṣàjèjì sí, ni ó rò ó pé ẹ̀rọ tí ó bá lè han lè kọrin. Ó jókòó tì í, ó ṣírò bí ìró náà yóò ṣe máa lù léraléra kí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lè jáde bí ó ti yẹ, títí ẹ̀rọ náà fi kọ orin ológun tí wọ́n ń pè ní Colonel Bogey sétí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó pé jọ. Kò sí ẹni tí ó gba ohùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì tọ́jú ẹ̀rọ náà sí Melbourne di òní, àwọn olùwádìí kan sì gbà pé nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ayé, òun ni a kọ́kọ́ mọ̀ tí ó kọrin. Ní ọdún 1979, ní Sydney yìí kan náà, Peter Vogel àti Kim Ryrie gbé Fairlight jáde, dùùrù oníkọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gba ìró ohunkóhun sínú rẹ̀, ìbáà ṣe ìgò tí ó fọ́ tàbí ajá tí ó gbó, yóò máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí orin. Stevie Wonder lò ó, Kate Bush lò ó, Peter Gabriel lò ó. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń na èbúté Sydney ni wọ́n sì fi sọ ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀ tí ó bí irú ohun èlò báwọ̀nyí kò yẹ ní ẹni tí yóò máa tọrọ orin.

Ọgbọ́n ohun èlò wà, etí tí yóò gbọ́ ni kò tíì sí. Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1975, lábẹ́ ìjọba Gough Whitlam, ni ABC, ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti gbogbo ìlú, ṣí rédíò àwọn ọ̀dọ́ kan sílẹ̀ ní Sydney, tí wọ́n ń pè ní Double Jay. Ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ àfipamọ́ ni, èyí tí a gbé sílẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro, nítorí náà àwọn àdúgbò kan wà tí ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣí i: orin àwọn Skyhooks, ọmọ Melbourne, tí àwọn rédíò oníṣòwò ti fi òfin dè nítorí pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ ibùsùn ní gbangba. Ẹ sì wo ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: Holger Brockmann, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fún ní orúkọ mìíràn níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé orúkọ tirẹ̀ dún bí ti àjèjì jù létí àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Lórí Double Jay, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni ó fi jẹ́. Àwa tí a gbà pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, a mọ ohun tí èyí jámọ́: ilé tí ó gba orúkọ ènìyàn wọlé, yóò gba ohùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, ní Brisbane, ìlú olóoru tí ọlọ́pàá ìjọba ìpínlẹ̀, lábẹ́ Bjelke-Petersen, kò fojúure wo ọ̀dọ́ tí ó bá kó ara jọ, àwọn ọmọ yunifásítì dá rédíò 4ZZZ sílẹ̀ nínú oṣù kejìlá, àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó ni ó sì ń bá wọn ṣe é. Ìlú yìí ni ẹgbẹ́ The Saints ti jáde. Kò sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó yà sọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 1976 wọ́n fi owó ara wọn tẹ 500 àwo orin “(I’m) Stranded”, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn ní ìlú Ọba. Ìwé ìròyìn Sounds gbé e ga ju gbogbo àwo ọ̀sẹ̀ náà lọ, ni ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù EMI ti London bá ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn ní Sydney pé kí wọ́n wá àwọn ọmọ náà rí kíákíá. Ó dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀: ó di ìgbà tí London júwe ilé kí onílé tó mọ̀ pé òun ní ọmọ. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Double Jay bọ́ sórí FM ní ọdún 1980, ó di Triple J. Láti ọdún 1989 ni ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn olú-ìlú yòókù, kí ó tó kan àwọn ìlú kéékèèké lẹ́yìn náà. Ibi tí ó kan ìlú kéékèèké yìí gan-an ni ìtàn ti yí padà. Àwọn ọmọ oko tí wọ́n ń kọrin fún afẹ́fẹ́ lásán ní ilé ìkẹ́rùsí bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ rédíò náà, rédíò náà sì bi ara rẹ̀ pé, ta ni yóò gbọ́ àwọn náà? Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje tí wọ́n pè ní Unearthed, tí ó ń ti agbègbè dé agbègbè, tí ẹgbẹ́ olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn sì lè fi orin tí ó gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Grinspoon, ti ìlú Lismore, ni ó kọ́kọ́ yege. Lẹ́yìn wọn ni Killing Heidi dé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí ó ti Violet Town jáde, ìletò tí ẹlòmíràn yóò kọjá láìdẹ ẹsẹ̀. Ní ọdún 2000 àwo orin wọn gba ẹ̀bùn ARIA, ẹ̀bùn orin ti ilẹ̀ náà, fún àwo tí ó dára jù lọ lọ́dún náà. Ní ọdún 2001, ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọmọ Melbourne, Missy Higgins, yege nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìdíje náà. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ní í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rí ẹnu náà kò gbọdọ̀ jìnnà.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an, tí wọ́n ti ń kọrin lórí ilẹ̀ náà kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀, ni ó pẹ́ jù kí a tó fún wọn láyè. Yothu Yindi ti Arnhem Land, lábẹ́ Mandawuy Yunupingu tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Yirrkala, kọ orin “Treaty” ní ọdún 1991 láti rán ìjọba létí májẹ̀mú tí olórí ìjọba, Bob Hawke, ti ṣèlérí fún wọn tí kò mú ṣẹ. Orin náà kò kọ́kọ́ ta. Ìgbà tí àwọn tí ń ṣe orin ilé ijó alẹ́ ní Melbourne, tí wọ́n ń jẹ́ Filthy Lucre, fi ìlù ẹ̀rọ tún un tò, tí wọ́n sì jẹ́ kí yidaki, fèrè igi gígùn nì, àti igi ìpàtẹ́ tí wọ́n ń pè ní bilma máa dún lórí ìlù náà, ni gbogbo ilé ijó gbà á. Báyìí ni orin tí a fi èdè Gumatj kọ lára rẹ̀ ṣe wọ àárín àwọn orin tí ó tà jù lọ ní ilẹ̀ náà. Nínú ìtàn orin ẹ̀rọ ibẹ̀, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ràn ju èyí lọ. Ọ̀nà tí wọ́n là ni Baker Boy ń tọ̀, ọmọ ẹ̀yà Yolngu ti Arnhem Land yìí, tí ń fi èdè rẹ̀ rọ́ọ̀pù, tí Unearthed sì gbé jáde ní ọdún 2017.

Ní ọdún 2006 Unearthed di ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì: olórin gbé orin síbẹ̀, ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ rédíò sì ń ṣà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2011 ó ní rédíò tirẹ̀ tí kì í gbé orin mìíràn ju ti irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yìí ni àwọn ọmọ tí kò mú gìtá lọ́wọ́ rárá gba ojúde. Harley Streten ti Sydney, tí a mọ̀ sí Flume, kékeré ni ó wà tí ó rí ètò ìṣorin fún kọ̀ǹpútà gbà nínú páálí oúnjẹ àárọ̀. Ilé-iṣẹ́ adádúró Future Classic ni ó gbé e jáde, àwo rẹ̀ kejì, “Skin”, sì gba Grammy ní ọdún 2017. Ní ọdún 2019 Tones And I, tí ń kọrin fún àwọn tí ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà ní Byron Bay, gbé orin rẹ̀ sórí ìkànnì náà. Kí ọdún tó parí, “Dance Monkey” rẹ̀ ti gba orí àtẹ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2021, ọmọ Ghana aládùúgbò wa, Genesis Owusu, tí ó dàgbà ní Canberra, gba ẹ̀bùn ARIA fún àwo tí ó dára jù lọ.

Àléébù rẹ̀ kò pamọ́. Nígbà tí rédíò kan bá ní agbára tó báyìí lórí àwọn ọ̀dọ́, àwọn olórin kan a máa ṣe orin sí ìwọ̀n etí rẹ̀, ẹni tí kò bá sì bá etí náà mu lè jókòó sí òkùnkùn títí. Ọ̀nà kan ò wọjà: ìdí nìyí tí mo fi ka àwọn rédíò aládùúgbò bí 3RRR ti Melbourne àti FBi ti Sydney sí pàtàkì, àwọn tí ó jẹ́ pé owó olùgbọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń gbé wọn ró. Pàtàkì sì ni àwọn ilé ọtí tí ẹgbẹ́ tuntun ti ń ṣeré níwájú ogún ènìyàn. Nígbà tí òfin ìwé-àṣẹ ọtí ti ọ̀kan nínú wọn pa, The Tote ní Melbourne, nínú oṣù kìíní ọdún 2010, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́de gba ìgboro ní oṣù kejì, ìjọba sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò; ilé náà ṣí padà lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọ àwọn tí ó ń retí orin láti inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n jáde bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ fẹ́ràn orin, ẹ má ṣe dúró títí Amẹ́ríkà yóò fi fún wọn lẹ́bùn kí ẹ tó mọ̀ wọ́n. Ìkànnì Unearthed ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹ yan ìlú kan tí ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kí ẹ sì fetí sí ohun tí ọmọ ibẹ̀ gbé síta lọ́sẹ̀ yìí.