Etí Òkun Àgbádárìgì: Ibi Ìgbádùn, Ibi Ìrántí



Bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá bá ti dé, àlejò a máa rọ́ wá sí Àgbádárìgì. Wọn a wọ ọkọ̀ ní èbúté wa, wọn a kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rin orí yanrìn títí wọn ó fi dé etí òkun. Níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń sáré fún ìgbì, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù, tí àgbà ń jókòó lábẹ́ igi àgbọn, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lára. Èyí dára. Ọlọ́kọ̀ ń rí owó, ẹni tí ń ta àgbọn àti ẹni tí ń yan ẹja ń rí owó, àlejò náà sì ń padà sílé pẹ̀lú ara yíyá. Ẹni tí ó bá ní kí a dá irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ dúró kò fẹ́ ire fún ìlú wa.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí mo kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi lọ síbẹ̀, ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ sà, èé ṣe tí a fi ń pe ibi tí ó dára tó báyìí ní Ibi Àìpadàbọ̀?” Àwọn àlejò kan ń jó lẹ́bàá òpó ìrántí tí ó wà níbẹ̀. Mo bi méjì nínú wọn ní ìbéèrè kan náà. Wọn kò mọ ìdáhùn. Ìbéèrè ọmọ náà ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ọlọ́run ti dá ilẹ̀ náà. Ìlú wa kò sí ní etí òkun gan-an. Etí ọ̀sà ni ó wà. Ọ̀sà yìí na ọwọ́ kan sí Èkó ní ìlà-oòrùn, ó na èkejì sí Àjàṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn, ọkọ̀ ìgbájá sì lè tọ̀ ọ́ láìfojú kan ìgbì òkun. Èyí wà lára ohun tí ó sọ Àgbádárìgì di ọjà ńlá. Ilẹ̀ yanrìn tóóró ni ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun. Ìgbì níhà òkun le púpọ̀, kò sì sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè sá sí. Nítorí náà, àwọn ọkọ̀ òyìnbó a dákọ̀ró sí ọ̀ọ́kán, a ó sì fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù la ìgbì já lọ bá wọn. Nínú ẹrù náà ni ènìyàn wà. Ìgbì kan náà tí àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí ni àwọn òǹdè ń wò pẹ̀lú ìbẹ̀rù nígbà náà.

Ọ̀nà tí ẹrú gbà kò ṣòro láti tọ̀. Ní ọjà Vlekete, tí ó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà òkun àti ẹ̀fúùfù, ni a ti ń ná ènìyàn bí ẹni ń ná ewúrẹ́. A ó tì wọ́n mọ́ inú yàrá híhá títí ọkọ̀ yóò fi dé. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni a ń fi han àlejò ní agboolé Ṣẹ́ríkí Williams Abass, pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ irin. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ni a ti tà nígbà èwe rẹ̀ tí ó sì dé Bùràsíìlì, kí ó tó padà wá di oníṣòwò ńlá àti olóyè; ó kú ní 1919. Òyìnbó nìkan kọ́ ni ó jẹ èrè òwò náà. Àwọn kan nínú àwọn baba wa jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí korò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbé e mì.

Ní Gbẹ̀rẹ̀fù, kànga kan wà lójú ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wí pé a máa ń fún àwọn òǹdè ní omi rẹ̀ mu kí wọn lè gbàgbé ilé. Láti ibẹ̀, yanrìn ni títí dé òkun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò náà fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1807, ṣùgbọ́n ó di 1852 kí àwọn olóyè Àgbádárìgì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò fi òpin sí i.

Síbẹ̀, bí omi yìí ti gbé ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó gbé àwọn kan padà. Kí ọdún 1840 tó dé ni àwọn tí a ti dá nídè sí Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ níhìn-ín, tí wọ́n ń wá ọ̀nà ilé. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé, tí a sì wàásù lábẹ́ igi Àgíà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, gúnlẹ̀ pẹ̀lú Townsend àti Gollmer. Ikú Ṣódẹkẹ́ dá wọn dúró lọ́nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì wà ní ìlú wa ju ọdún kan lọ. Nígbà tí ọ̀nà là, Àjàyí lọ, ó sì fojú kan ìyá rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún-lé-lógún. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a parí ní 1845, tí a ń kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀sà. Igi Àgíà ni kò sí mọ́; ó wó ní 1959, òpó ìrántí ni ó rọ́pò rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí á ṣe? Èkíní, kí àwọn tí ń mú àlejò káàkiri máa bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Vlekete, kí wọn gba ilé àwọn ẹrú àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí etí òkun jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn yóò tún lè ṣeré, ṣùgbọ́n yóò mọ orí ohun tí ó ń ṣeré. Èkejì, kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn yìí ní èdè Ègùn àti ní èdè Yorùbá, kí ó má bàa jẹ́ àlejò ni yóò máa sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀kẹta, kí a kìlọ̀ fún àwọn òlùwẹ̀: ìgbì tí ó dẹ́rù ba àwọn atukọ̀ àtijọ́ kò tíì rọ̀. Kí ọmọdé má dá wọ inú òkun, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ̀kẹrin, kí a má fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lórí yanrìn náà. Ẹni kì í da ìdọ̀tí sí ojú oórì.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ìlú wa kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìdáhùn tí mo fún ọmọbìnrin náà kò gùn: “Ọmọ mi, ọ̀pọ̀ gba ibí yìí lọ tí wọn kò padà. Àwa tí a lè padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni ó kù láti máa rántí wọn.” Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ létí omi.