Orúkọ Tó Yẹ Àrùn Àpò Ọkàn

Bí ìyàwó ilé kan ní Àrẹ̀mọ, n'Ìbàdàn, bá sọ pé ọkàn ń dun òun, ohun tí àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bó bá ní àyà ló ń dun òun, wọ́n á múra àtigbé e lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù, tí kò jìnnà sí wọn. Ọkàn lẹ́nu Yorùbá, ibùjókòó èrò àti ìbànújẹ́ ni. Òun náà sì ni ẹran tó ń lù kì-kì nínú àyà. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé pericarditis lára àwọn tó ní kòkòrò HIV kò ní í rìn jìnnà kó tó kan ìṣòro yìí.

Àpò tó yí ọkàn po ni àrùn náà ń bá jà. Awọ méjì ló ní, omi díẹ̀ sì wà láàárín wọn, bíi mílílítà 15 sí 50, kí ọkàn lè máa yọ̀ geere bó ṣe ń lù. Alápatà tó ti la àyà màlúù rí mọ àpò yìí dáadáa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń sọ pé àpò ìtọ̀, nítorí náà "àpò ọkàn" kò ní í ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. "Àpò" tó ṣáájú ti jẹ́ kó hàn pé ẹ̀yà ara là ń sọ, kì í ṣe ìbànújẹ́.

Ibi tó le ni ohun tó ṣe àpò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sáré sọ pé "wíwú". Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ aláìsàn yìí lè wú, ikùn rẹ̀ lè wú, àpò náà sì lè kún fún omi kó dà bí ohun tó wú. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ wíwú, kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ sílẹ̀? Ó sàn kí orúkọ gbogbogbòò jẹ́ "àrùn àpò ọkàn", kí ìpín kọ̀ọ̀kan wá gba orúkọ tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọkàn ní Yúróòpù, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015, fi àkókò pín in. Ọ̀kan ń dé lójijì. Òmíràn ń bá a lọ ju ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ láì dáwọ́ dúró, àmọ́ kò tíì kọjá oṣù 3. Òmíràn a lọ, ara a balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, yóò tún padà wá. Èyí tó kù ti ré kọjá oṣù 3. Òjijì, àìdáwọ́dúró àti àpadàwá tó fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ìkẹrin ló gba ìṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ tó máa ń yá lẹ́nu ni "bárakú", bẹ́ẹ̀ bárakú ń sọ fún aláìsàn pé òun àti àìsàn náà ni yóò jọ wọ sàréè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ikọ́ fée fà, oògùn oṣù 6 ni wọ́n ń lò sí i. Bí àpò náà bá sì ti le kọjá oògùn, oníṣẹ́ abẹ lè gé e kúrò. "Ọlọ́jọ́ gbọọrọ" ló yẹ: ó sọ pé àìsàn náà pẹ́, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ti rí ohun tí orúkọ burúkú ń ṣe rí: nígbà tí wọ́n kéde éèdì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1986, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní àrùn kògbóògùn. Lónìí, ẹni tó ń lo oògùn HIV déédéé lè darúgbó, kòkòrò náà sì lè dín kù lẹ́jẹ̀ rẹ̀ débi tí kò fi ní í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Síbẹ̀ orúkọ burúkú náà ṣì wà nílẹ̀, ó sì ń lé aláìsàn sá fún dókítà. Kò yẹ kí a tún ṣe irú rẹ̀ sí àpò ọkàn.

Ohun tí àpò náà ń ṣe sí ọkàn ni dókítà ń wò jù ní wọ́ọ̀dù. Bí omi bá ń sun sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àpò a máa fẹ̀, ó lè gbà ju lítà kan lọ. Bó bá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, mílílítà 200, tí kò tó ìlàjì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, lè fún ọkàn mọ́lẹ̀ débi tí kò fi ní í rí ẹ̀jẹ̀ gbà sára. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀, iṣan ọrùn a yọ síta, ìró ọkàn a rẹlẹ̀ létí dókítà. "Ìfúnmọ́lẹ̀ ọkàn" ni kí á pè é, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi náà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ dé. Èyí tí àpò ti nípọn, tó le gbagidi mọ́ ọkàn, ni "àpò ọkàn híhá".

Tó bá kan ohun tó fà á, ikọ́ fée ni dókítà ilẹ̀ Adúláwọ̀ ń kọ́kọ́ fura sí bó bá rí omi púpọ̀ nínú àpò ọkàn ẹni tó ní HIV. Ṣùgbọ́n aláìsàn náà lè má wúkọ́ rárá! "Ikọ́ fée inú ọkàn" yóò dà á láàmú. "Kòkòrò ikọ́ fée nínú àpò ọkàn" ló yéni. Ó sì yẹ kí HIV hàn nínú àkọsílẹ̀. Ìwádìí lórí àrùn yìí tí dókítà ọkàn Bongani Mayosi ti Cape Town ṣíwájú rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2014, gba aláìsàn 1,400 láti orílẹ̀-èdè 8, Nàìjíríà wà lára wọn, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì ní HIV. Oògùn prednisolone tí wọ́n dán wò níbẹ̀ dín híhá àpò kù, kò dín ikú kù, ó sì jẹ́ kí àrùn jẹjẹrẹ pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ní HIV.

Ìbàdàn ló yẹ kí iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá àwọn orúkọ yìí ti jáde. Ọdún 1948 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn UCH lọ́dún 1957. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá tó jáde lọ́dún 1984, Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣa ọ̀rọ̀ HIV, éèdì àti Ebola jọ ní Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Kí àwọn onímọ̀ èdè àti dókítà ọkàn jọ jókòó báyìí, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú àwọn ìyá Àrẹ̀mọ àti Ọ̀jẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kòkòrò HIV lára, bí àyà bá ń dùn yín, tó ń le bí ẹ bá dùbúlẹ̀, tó ń dẹ̀ bí ẹ bá jókòó tí ẹ tẹ̀ síwájú, tàbí tí mímí ń ṣòro, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì jáwọ́ nínú oògùn yín.