"Versed" àti "Vast": Ọ̀rọ̀ Méjì tí Ẹnu Wa Sọ Di Ọ̀kan

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ tú wò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ti ṣí kúrò nílé. Inú ilé Yorùbá gan-an ni ọ̀rọ̀ náà yóò já sí.

Ní ìgbà tí mo ń wá iṣẹ́ olùkọ́ kiri, mo kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́ kan. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́ èdè Yorùbá dénú, mo sì kọ ọ́ báyìí pé: "I am vast in Yoruba language." Wọn kò pè mí. Nígbà tí mo fi ẹ̀dà ìwé náà han bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tí o sọ fún wọn ni pé o tẹ́jú lọ súà bí ọ̀dàn." Wọ́n fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n kọ "well versed" sí òkè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpa ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká gba orísun lọ. Èdè Látìn ni "versed" ti wá. Nínú èdè náà, "vertere" ni kí a yí nǹkan. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí "versare", èyí tí í ṣe pé kí a máa yí nǹkan síwá sẹ́yìn léraléra, àti "versari", tí ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa gbé inú nǹkan, kí ó máa bá a lò lójoojúmọ́. Àwọn Faransé pè é ní "versé", ó sì wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1600. Nítorí náà, ẹni tí ó "versed" nínú òfin ni ẹni tí ó ti yí òfin wò níwá lẹ́yìn títí tí ó fi mọ tinú-tòde rẹ̀. Ní ọdún 1671, akéwì John Milton lo ọ̀rọ̀ náà nínú Paradise Regained fún ẹni tí ìwé kún agbárí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ara rẹ̀. Kì í ṣe "well" ni Milton fi ṣíwájú rẹ̀, "deep" ni. Samuel Johnson náà kò gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1755.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé "verse" tí í ṣe ẹsẹ ewì, tàbí ẹsẹ Bíbélì, ni ó bí "versed", pé ẹni tí ó bá ti mọ ẹsẹ púpọ̀ sórí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n gbà dé ọjà. "Versus" ni ìyípadà tí àgbẹ̀ tí ń fi màlúù túlẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí ó bá dé òpin poro, kí ó tó mú poro mìíràn. Láti orí poro ni ó ti di ìlà ìwé, láti ìlà ìwé ni ó ti di ìlà ewì, ó sì ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú kí "versed" tó yọjú. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá wá pe babaláwo tí ó mọ ẹsẹ odù 256 ní ẹni tí ó "well versed" nínú Ifá, ọ̀rọ̀ náà bá a mu lọ́nà méjì, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ ni. Àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì mọ kòńgẹ́ yìí dáadáa. Ewì kan wà nínú ìwé New Hampshire tí Robert Frost tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1923. Àkọlé rẹ̀ ni "The Need of Being Versed in Country Things". Èmi kò gbà pé akéwì lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe àkọlé kí ó má mọ ohun tí ó ń ṣe.

"Vast" ńkọ́? Látìn ni òun náà, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn ni. "Vastus" ni ibi tí ó ṣófo, ibi ahoro, ilẹ̀ tí ojú kò rí òpin rẹ̀. Inú ìdílé yìí ni "waste" àti "devastate" wà. Ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, òkun, aṣálẹ̀ àti owó tabua ni wọ́n sì máa ń fi í ṣàpèjúwe. Ìmọ̀ náà lè "vast", nítorí pé ìmọ̀ lè gbòòrò. "She has vast knowledge of Yoruba history" kò ní àbùkù kankan. Ẹni tí ó ni ìmọ̀ náà ni kò lè "vast". Ìdí nìyí tí bàbá fi dárúkọ ọ̀dàn.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan ṣe di ọ̀kan lẹ́nu wa? Ẹ wo bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1859 ni àwọn ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ girama wọn sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló rọ́ wọ kíláàsì. Ẹnu olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwọn ni wọ́n ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ẹnu òyìnbó. Èmi kò bú àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ènìyàn. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì kan wà nínú "versed", "first" àti "bird" tí èdè Yorùbá kò ní. Ohun tí kò sí nílé, a kì í fi gba àlejò. Ẹnu wa sì fi "a" rọ́pò rẹ̀. "First" di "fast", "bird" di "bad", "versed" sì di "vast". Ìró "t" ni "ed" tó gbẹ̀yìn "versed" náà ń dún, nítorí náà kò sí ohun tí etí tún lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ kò nílò láti gba èyí gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀rí wà nínú èdè wa. Orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Germany ni a ń pè ní Jámánì. Èyí tí ó wá dùn mọ́ mi jù ni yunifásítì. Inú "vertere" kan náà ni "university" ti wá: "universus" ni ohun tí a yí pa pọ̀ di ọ̀kan. "Ver" tí ó wà nínú rẹ̀ ni "ver" inú "versed", àwa sì ti sọ ọ́ di "fá" láìfi bò. Ẹni tí ó ń sọ pé òun "vast", ohun tí gbogbo wa ṣe sí yunifásítì ni òun náà ṣe. Nọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀ṣì kò gba ọ̀nà yìí lóòótọ́. Lẹ́tà "u" tí ó wà nínú wọn ni mo rò pé ó tì wọ́n sí "ọ".

Ìró nìkan kọ́ sì ni ẹlẹ́ṣẹ̀, lójú tèmi. Yorùbá máa ń sọ pé ìmọ̀ ènìyàn gbòòrò. A sì tún ń sọ pé ẹnìkan jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ ewé àti egbò. Ẹni tí ó ní gbólóhùn méjèèjì yìí nínú ọpọlọ, tí ó gbọ́ "vast", tí ó sì mọ̀ pé ó túmọ̀ sí gbòòrò, kò ní ìdí láti fura. Àṣìṣe tí ó bá ọgbọ́n èdè ẹni mu ni ó máa ń pẹ́ lára. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà.

Àwọn kan máa ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí: ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba dánfó, ọ̀kadà àti tòkunbọ̀ wọlé. Mo yọ̀ sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n dánfó lórúkọ ohun tí òyìnbó kò ní. "Vast in" jókòó sórí àga ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ẹni tí ó ń ka ìwé ìwáṣẹ́ kò sì ní dúró gbọ́ ìtàn fáwẹ̀lì. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ju gbogbo àwọn tí ó kọ̀wé lọ lè pàdánù iṣẹ́ Yorùbá nítorí ìró Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Èyí ni ó ń dùn mí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, "in" ni kí ó tẹ̀lé e, kì í ṣe "with" tàbí "on". "Conversant", tí òun náà jẹ́ ọmọ "versari", ni ó ń gba "with". Kí "d" má sì bọ́ lọ. "Well verse" kò sí. Bí ó bá ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ fi àmì ìsopọ̀ sí i: "a well-versed scholar". Bí ó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀pọ̀ olótùú kì í fi sí i: "she is well versed in history", bó tilẹ̀ jẹ́ pé Merriam-Webster fi àmì náà sí i nínú àkọlé rẹ̀. Ohun tí a fi orí mọ̀ ni ó yẹ ọ̀rọ̀ yìí. Alákàrà tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, "skilled" ni ẹ pè é.

Mo tún ìwé mi kọ níwájú bàbá lọ́jọ́ náà: "I am well versed in Yoruba language." Mo nà án sí wọn pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n tún mú gègé pupa, wọ́n sì kọ "the" kékeré kan síwájú "Yoruba language".