Ògiri ni Wọ́n ń Ná, Ilẹ̀ ni Wọ́n ń Rà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ibi tí ènìyàn ń sùn àti fún ìran tí ó bí i: ilé ni a ń pe méjèèjì. Bí a bá bi ọmọ pé, "Ilé wo ni o ti wá?", kì í ṣe iye yàrá tàbí irú òrùlé ni a fẹ́ kí ó kà fún wa, baba rẹ̀ àti àwọn tí ó bí baba rẹ̀ ni a ń wádìí. Ìdí nìyí tí títa ilé ògbólógbòó fi máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa ju títa ọjà mìíràn lọ. Ẹni tí ń tà á rò pé ògiri tí ó ti ń wó ni òun tà. Ẹni tí ń rà á mọ̀ pé ilẹ̀ ni òun rà. Àwọn ẹbí tí ó kù sì gbà pé orúkọ àwọn ni a tà. Mo fẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ òwò yìí ní Erékùṣù Èkó, nítorí pé Èkó wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí ilẹ̀ ti tètè di ọjà.

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó, àwọn ìjòyè Ìdéjọ ni onílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé yóò tọ onílẹ̀ lọ, yóò sì gba àyè. Ilé tí ó bá kọ́ di tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé dúró lé kò di ohun tí ó lè gbé lọ sọ́jà. Ilé lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba tuntun fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ Ọbabìnrin Victoria. Lójú, ìwé yìí kò ju tákàdá lásán lọ. Ṣùgbọ́n nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a bá rì mọ́ ilẹ̀, ti ilẹ̀ ni. Nítorí náà ìwé yìí so ilé àti ilẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹyọ náà ṣeé tà. Ó ṣeé fi dúró fún gbèsè lọ́dọ̀ oníṣòwò. Bí onígbèsè kò bá sì rí owó san, oníṣòwò a gba ilé, a sì gba ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí ó fi hàn bí a ṣe lè fi ohun kékeré díye lé ohun ńlá. Ní 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìgbìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni Olóyè Olúwà ní lórí rẹ̀, pé ìyẹn nìkan ni àwọn yóò sì san owó lé. Àmọ́dù Tìjání, tí ó jẹ́ Olóyè Olúwà nígbà náà, kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba dá a láre: ti àwùjọ ni ilẹ̀, iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ni ìjọba gbọ́dọ̀ san, kì í ṣe iye ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹjọ́ yìí sọ́kàn, nítorí pé ọgbọ́n tí ìjọba fẹ́ dá níbẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra ilé ògbólógbòó ń dá.

Nínú àwọn tí ó jẹ àǹfààní ìwé ilẹ̀ ni àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Kúbà darí wálé. Pópó Àgùdà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí. Káfíńtà àti bíríkìlà wà láàrin wọn, wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ lókè, tí a fi ọnà dárà sí ara ògiri rẹ̀. Ní òpópónà Kakawa, João Esan da Rocha kọ́ èyí tí a ń pè ní Ilé Omi ní 1885. A gbẹ́ kànga sí i, a sì ń ta omi níbẹ̀ fún ará ìlú. Ẹni tí ó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò kọ́ ọ fún ara rẹ̀ nìkan. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun wà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa ránti ẹni tí ó kó wọn jọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí baba bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé a di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀. Àṣà yìí dára, nítorí pé kò jẹ́ kí a lé ọmọ kankan síta. Ilé ẹjọ́ náà sì tì í lẹ́yìn. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé Olóyè Mabinuori, a gbà pé àgbà ọmọ tí ó jẹ́ obìnrin lè di olórí ẹbí. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà dá ní 1958, tí Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí ní 1962, ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin ni olóògbé fi sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ sọ pé ìdí-igi ni kí a fi pín ogún náà, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá wo ohun tí èyí yóò dà ní ìran kẹta. Ìdá kan nínú mẹ́rin yóò tún fọ́ sí ọ̀nà púpọ̀, títí ẹnì kan yóò fi jogún ohun tí kò tó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Níbí gan-an ni ilé ti ń bàjẹ́. Òrùlé jò: ta ni yóò ra páànù? Ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ní kì í ṣe òun nìkan ni ó ni ín. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí ibi tí ó ti ń jò. Owó tí ayálégbé ń san, ọwọ́ ẹnì kan ni ó ń bọ́ sí, kò sì sí ẹni tí ó lè bèèrè ìṣirò lọ́wọ́ àgbà. Ọdún gorí ọdún, igi àjà jẹrà, ògiri fa ya. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kí ògiri tó lanu ni ẹbí ti kọ́kọ́ lanu.

Aláǹgbá inú òwe wa ni ẹni tí ó wá ra ilé ní bó ṣe wà. Àjẹ́ńtì ni yóò mú un wọlé. Yóò tọ́ka sí ibi tí ògiri ti sán, yóò ṣírò owó sìmẹ́ǹtì. Yóò tẹ pákó tí ikán ti jẹ mọ́lẹ̀, yóò ṣírò owó káfíńtà. Yóò gbójú sókè wo òrùlé, yóò mi orí. Gbogbo ìṣirò yìí ni yóò yọ kúrò nínú owó tí ó fẹ́ san. Ojú á ti àwọn onílé, nítorí pé òótọ́ ni ilé wọn ti bàjẹ́, wọn á sì gba iye tí ó bá pè. Nígbà tí owó bá ti wọlé tán, kì í ṣe bíríkìlà ni ẹni náà ń mú bọ̀, katapílà ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé ti di pẹrẹsẹ. Kí ọdún díẹ̀ sì tó kọjá, ṣọ́ọ̀bù ti tò síbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìbéèrè mi nìyí: ògiri wo ni ó fẹ́ tún ṣe tí ó fi yọ owó rẹ̀? Ògiri ni ó ná, ilẹ̀ ni ó rà.

N kò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tí ń ra ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ilé ṣe ní tòótọ́ ní ẹ̀tọ́ láti yọ owó àtúnṣe. Ẹni tí ó fẹ́ wó o náà ní ìnáwó tirẹ̀: yóò kó àlàpà dànù, yóò wá nǹkan fún àwọn ayálégbé kí wọ́n tó kó jáde, yóò sì gba àṣẹ gómìnà, nítorí pé láti 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ó tún mọ̀ pé ẹjọ́ lè bẹ́ sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó tọ́ kí ó yọ, kí ó sì sọ wọ́n jáde. Kò tọ́ kí ó yọ owó àtúnṣe ohun tí kò ní tún ṣe.

Ìjọba pàápàá ti ra ilé báyìí rí. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń fà wọ Èkó ní 1924, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Ní 1955 ni àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí 70 éékà ní àárín gbùngbùn Erékùṣù: wọ́n ní àwọn ilé ibẹ̀ ti di ẹgbin, wọ́n wó wọn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn onílé yóò lè ra ilẹ̀ wọn padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ní owó láti kọ́ irú ilé tí òfin tuntun bèèrè. Peter Marris, tí ó wádìí ọ̀rọ̀ wọn, tí ó sì tẹ ìwé jáde ní 1961, fi hàn bí ẹbí ṣe tú ká àti bí àwọn obìnrin oníṣòwò ṣe pàdánù oníbàárà wọn. Òótọ́ ni pé àwọn ilé kan níbẹ̀ kò bójú mu. Síbẹ̀, orúkọ tí a fún ilé ni ó fún ẹlòmíràn ní àyè lórí ilẹ̀.

Òfin kò fi ẹbí sílẹ̀ láìní apata. Ẹjọ́ Esan àti Faro ti 1947 jẹ́ kí ó yé wa pé bí olórí ẹbí bá ta ilé láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹ̀ka fọwọ́ sí i, wọ́n lè mú kí ilé ẹjọ́ yí títà náà padà. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ẹlòmíràn bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, kò sí ohun tí a tà rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́, tí ó dákẹ́ títí katapílà fi dé, lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù èyí ni ó ń mú kí àwọn ẹbí fi ọ̀dà kọ ọ́ sí ara ògiri pé ilé àwọn kì í ṣe títà. Ara tọkọtaya, arìnrìn-àjò àti àlejò ni a rò pé wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní òdodo, ọmọ ilé ni ìkìlọ̀ náà wà fún.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gbàgede Tinúbú yẹ kí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Casa do Fernandez. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ó sì di ohun tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, a wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi jẹ́ oyè lórí ìwé, oyè náà kò sì lè gbé àjà rẹ̀ ró. Kì í ṣe òfin nìkan ni ń mú ilé dúró. Owó àtúnṣe ni, àti ẹni tí yóò ná an.

Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tí ń sọ pé a kò gbọdọ̀ ta ilé baba ẹni láé. Ilé tí a kò tà, tí a kò sì tún ṣe, yóò wó fúnra rẹ̀, ó sì lè wó lu ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹbí pàdé kí àjẹ́ńtì tó dé. Kí wọ́n mú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà wá, kí ó díye lé ilẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì díye lé ilé lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń rà á bóyá yóò tún un ṣe ni tàbí yóò wó o. Bí ó bá jẹ́ pé yóò wó o ni, kí wọ́n wò ó bóyá kò ní sàn kí wọ́n fi ilẹ̀ yá a fún iye ọdún kan, kí ilé tuntun padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá sì tà á pátápátá, kí wọ́n gba owó ilẹ̀, kí wọ́n má gba owó àlàpà.