Ta Ló San Owó Oòrùn?

Bí ẹ bá ń rìn lọ ládùúgbò kan n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó lónìí, tí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ò ní ṣàì rí pánẹ́ẹ̀lì sólà: lórí báǹkì, lórí ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lórí ilé àwa tí iṣẹ́ wa ò lè lọ bí kọ̀ǹpútà bá kú. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí sólà jẹ́ nǹkan olówó ńlá nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 2000, wáàtì kan pánẹ́ẹ̀lì ń lọ ní bíi dọ́là 4 sí 5 lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di 2024, owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ò tó sẹ́ǹtì 20 mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ṣe ni ìmọ̀ ẹ̀rọ kàn ń tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ owó ọjà kì í dédé wálẹ̀. Kí nǹkan tó pọ̀ lọ́jà, kó sì dínwó, ẹnì kan ti ní láti máa rà á nígbà tó ṣì wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ sólà, àwọn tó ṣe èyí jù lọ ni àwọn ará Jámánì tó ń san owó iná ilé wọn. Púpọ̀ nínú wọn ò sì ní pánẹ́ẹ̀lì kankan lórí òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé iná núkílíà Chernobyl bú gbàù lọ́dún 1986, ọ̀pọ̀ ará Jámánì ò fẹ́ gbọ́ orúkọ núkílíà mọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 1990, àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1991. Òfin náà ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá máa ra iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fi omi, afẹ́fẹ́ tàbí oòrùn ṣe é. Ti afẹ́fẹ́ àti oòrùn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ó kéré tán ìdá 90 nínú 100 iye tí oníbàárà ń san. Èyí tó fún àwọn onífẹ́ẹ́fẹ́ láti dìde. Kò tó fún sólà rárá, torí pé owó tí wọ́n fi ń ṣe yúníìtì iná kan láti ara oòrùn fi ọ̀pọ̀ ìgbà ju iye yẹn lọ.

Àwọn ìlú kéékèèké ló kọ́kọ́ wá ọgbọ́n dá sí i. Ìlú Hammelburg, níbi tí Hans-Josef Fell ti jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, Aachen náà sì ṣe tiwọn láàárín ọdún díẹ̀. Ọgbọ́n ọ̀hún ò le: ẹ fún onísólà ní iye tó ná an gan-an pẹ̀lú èrè díẹ̀, kí ẹ wá pín owó náà sórí gbogbo ẹni tó ń lo iná. Bí èèyàn bá pọ̀, tí oníkálukú sì dá díẹ̀, kò ní dun ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ SPD àti ẹgbẹ́ Aláwọ̀ Ewé jọ gbàjọba, Gerhard Schröder di olórí ìjọba, Fell sì wọlé sí ilé aṣòfin. Òun àti Hermann Scheer ti ẹgbẹ́ SPD wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jù lórí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2000. Òfin yìí ní kí wọ́n máa fún onísólà ní bíi sẹ́ǹtì 51 lórí yúníìtì kan, fún ogún ọdún gbáko, kí iye náà má sì yẹ̀. Ẹ rántí pé bíi sẹ́ǹtì 14 ni oníbàárà ń ra yúníìtì kan sínú ilé rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹni tó ṣe iná lórí òrùlé ń tà á ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ iye tí aládùúgbò rẹ̀ fi ń ra iná.

Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì yìí, inú owó àfikún tí wọ́n so mọ́ yúníìtì kọ̀ọ̀kan ló ti ń jáde. Kò gba àpò ìjọba kọjá. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá PreussenElektra gbé ọ̀rọ̀ òfin àkọ́kọ́ dé ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Yúróòpù, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ lóṣù Kẹta ọdún 2001 pé a ò lè pè é ní ìrànwọ́ ìjọba, torí pé owó náà ò ti inú àpò ìjọba wá. Ní ti òfin, òtítọ́ ni. Ní ti ìyá tó ń san owó iná lóṣooṣù, kí ni ìyàtọ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ kíyè sí i. Owó àfikún náà ò ju bíi ìdá márùn-ún sẹ́ǹtì kan lọ lórí yúníìtì lọ́dún 2000. Lọ́dún 2004, Jürgen Trittin tó jẹ́ mínísítà àyíká sọ pé ohun tó máa ná ìdílé kan ò ju bíi yúrò 1 lóṣù, iye síbí áísìkiriìmù kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu àwọn ará Jámánì títí dòní, àwọn alátakò rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gbàgbé ẹ̀.

Ibo wá ni nǹkan ti yí? Òfin náà ti ṣètò pé kí iye tí wọ́n máa fún onísólà tuntun máa dín ní ìdá 5 nínú 100 lọ́dọọdún. Àwọn aṣòfin rò pé bí owó pánẹ́ẹ̀lì náà á ṣe máa wálẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí á mọ irú àṣìṣe yìí: ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ nọ́ńbà kan sínú ètò bí ẹni pé kò ní yí padà, nígbà tó jẹ́ pé ọjà ìta ló ń darí nọ́ńbà náà. Láti nǹkan bí ọdún 2008, owó pánẹ́ẹ̀lì já wálẹ̀ ju bí òfin ṣe rò lọ. Èrè onísólà wá ń ga sí i. Àwọn aṣòfin sáré gé iye náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún gé e lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ bí wọ́n bá ti kéde pé wọ́n fẹ́ gé e, ṣe ni àwọn èèyàn máa ń sáré gbé pánẹ́ẹ̀lì sókè kí ọjọ́ tó pé. Ìjọba rò pé mẹgawáàtì 2,500 sí 3,500 ni wọ́n á máa gbé sókè lọ́dún. Lọ́dún 2010, 2011 àti 2012, ó ju 7,000 lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo wọn ló sì ní àdéhùn ogún ọdún lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ẹni tó bá wọlé lọ́dún 2011 máa gba owó rẹ̀ títí di òpin 2031, ì báà jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì tí aládùúgbò rẹ̀ rà lẹ́yìn rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tirẹ̀.

Ẹ wá wo ìwé owó iná. Owó àfikún tó jẹ́ sẹ́ǹtì 2.05 lọ́dún 2010 di 3.53 lọ́dún 2011, ó di 5.28 lọ́dún 2013, ó sì di 6.24 lọ́dún 2014. Ìdílé tó ń lo yúníìtì 3,500 lọ́dún ń san bíi yúrò 218 lọ́dún 2014 fún àfikún yìí nìkan, kí wọ́n tó fi owó orí ọjà kún un. Síbí áísìkiriìmù kan lóṣù ti di méjìdínlógún.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó máa yà yín lẹ́nu. Lọ́sàn-án gangan tí oòrùn bá mú, iná máa ń pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ á sì já. Ẹ máa rò pé oníbàárà á jàǹfààní. Àmọ́ àlàfo tó wà láàárín iye ọjà àti iye tí àdéhùn sọ ni owó àfikún ń dí. Bí iye ọjà ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó àfikún ń ga. Sólà ń mú kí iná dínwó lọ́jà, ó sì ń mú kí ìwé owó iná ga nílé.

Ta ló wá ń san án? Nǹkan bí ìdajì àwọn ará Jámánì ló jẹ́ ayálégbé. Ayálégbé ò ní òrùlé tó máa gbé pánẹ́ẹ̀lì sí. Onílé àti àgbẹ̀ tó ní abà ńlá ló ní in. Lápá kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ iná gan-an gba ìyọ̀ǹda pé kí wọ́n san díẹ̀ péré, kí wọ́n má baà kó iṣẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 2014, wọ́n ti ju 2,000 lọ. Ohun tí wọn ò san, àwọn tó kù ló pín in san. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní, àjọsan náà ò dùn bẹ́nìkan ò bá dá.

Ká sọ òtítọ́ tán, sólà nìkan kọ́ ló ń gba ìrànwọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Jámánì fi ń kówó sínú ìwakùsà èédú abẹ́lẹ̀, títí dé ọdún 2018 tí wọ́n ti ihò èédú tó kẹ́yìn. Àmọ́ láyé òfin sólà ọdún 2000 yìí, owó èédú ń jáde látinú àpò ìjọba, kò sí lórí ìwé owó iná ẹnikẹ́ni mọ́. Ti sólà wà níbẹ̀, sẹ́ǹtì rẹ̀ sì hàn kedere. Ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi pọ̀ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi owó náà pa mọ́, ẹ wo Sípéènì. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2007, ìjọba wọn kéde iye tó dùn fún onísólà, wọ́n sì ń sọ fún aráàlú pé oòrùn lè di tiwọn. Mẹgawáàtì 371 ni wọ́n ń lépa fún ọdún 2010. Lọ́dún 2008 nìkan, èyí tí wọ́n gbé sókè ju 2,500 lọ. Àmọ́ ìjọba Sípéènì ò fẹ́ kí owó iná aráàlú ga, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá gba gbogbo iye tó ná wọn. Èyí tó ṣẹ́ kù ń di gbèsè. Sólà nìkan kọ́ ló fa gbèsè náà, àmọ́ ó dá kún un gan-an, nígbà tó fi di 2013, gbèsè ti ju bílíọ̀nù 25 yúrò lọ. Ìjọba wá yí àdéhùn padà: wọ́n dín wákàtí tí wọ́n máa sanwó lé lórí kù lọ́dún 2010, wọ́n sì fagi lé ètò náà pátápátá lọ́dún 2013. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé tó yá owó báǹkì nítorí ìlérí ìjọba ló wọ gàù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àmọ́ ní Sípéènì, ẹlòmíì ni wọ́n gbé igbá lé lórí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Q-Cells, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 ní apá ìlà-oòrùn Jámánì, di ẹni tó tóbi jù lágbàáyé nínú ṣíṣe sẹ́ẹ̀lì sólà lọ́dún 2007. Lóṣù Kẹrin ọdún 2012, ó wọ gbèsè tí kò lè san, àwọn ará Kòríà sì rà á. Òfin náà fún ẹni tó bá ń ta iná lówó, kò sì bìkítà ibi tí pánẹ́ẹ̀lì ti wá. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà, tí àwọn báǹkì ìjọba wọn ń yá lówó, ló ń kó pánẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú wọlé. Àwọn náà ò bọ́: Suntech tó lókìkí jù nínú wọn ṣubú lóṣù Kẹta ọdún 2013.

Nígbà tó yá, Jámánì kọ́gbọ́n. Láti ọdún 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn onísólà ńlá bá ara wọn díje, kí ẹni tó bá ní òun lè gba owó tó kéré jù gbé iṣẹ́. Iye tó jáde níbi ìdíje àkọ́kọ́ jẹ́ bíi sẹ́ǹtì 9. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ó ti sún mọ́ sẹ́ǹtì 4. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n yọ owó àfikún kúrò lórí ìwé owó iná. Àmọ́ gbèsè àdéhùn ò lọ o. Àpò ìjọba ló bọ́ sí, ó sì gba bíi bílíọ̀nù 18 yúrò lọ́dún 2024.

Ṣé owó yẹn wá ṣòfò ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọjà tí Jámánì dá sílẹ̀ ló mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe lè ṣe pánẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀ yanturu, títí owó rẹ̀ fi dé ibi tí onígbàjámọ̀ n'Ìbàdàn fi lè rà á. Ayálégbé kan ní Jámánì ti bá wa san lára owó náà láìmọ̀ wá rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó àti ẹni tó jèrè kì í ṣe ẹnì kan náà, kò sì sẹ́ni tó bi ayálégbé yẹn bóyá ó fẹ́.

Àwa náà mọ ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ ìjọba dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jẹ ìrànwọ́ orí epo, tí a ṣì ń jiyàn lórí iye lítà tí à ń lò lójúmọ́. Nígbà tí ààrẹ kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé ó ti lọ, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta sólà. Tí ìjọba kan bá tún dìde lọ́la pé òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lórí iná oòrùn, mi ò ní sọ pé kó má ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni màá bi í: ta ló ń san án, ibo la ti máa rí iye rẹ̀ kà, ọjọ́ wo ló sì máa parí?